Bí mo ṣe wá ìkànnì tó ṣófo ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì

Láti 470 MHz (ìwọ̀n fíríkúẹ́ńsì ìgbì rédíò) ni ìkànnì tẹlifíṣọ̀n UHF, ìyẹn ti ìgbì gíga, ti bẹ̀rẹ̀, 8 MHz sì ni fífẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ wọn ni kò sẹ́ni tó ń lò lọ́dọ̀ wa, bẹ́ẹ̀ íntánẹ́ẹ̀tì ò dé àwọn abúlé kan, ìkànnì tó ṣófo sì lè gbé e dé ibẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi dán rédíò onílàákàyè wò, èyí tí Joseph Mitola gbé èrò rẹ̀ jáde ní 1999: á tẹ́tí, á lo ibi tó ṣófo, á kúrò bí onílé, ìyẹn ẹni tó ni ìkànnì náà, bá dé.

Mo so RTL-SDR, ẹ̀rọ kékeré tó ń gba ìgbì rédíò sínú kọ̀ǹpútà, mọ́ láptọ́ọ̀pù. Kì í gbọ́ ju nǹkan bíi 2.4 MHz lọ lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà mo pín ìkànnì kọ̀ọ̀kan sí mẹ́rin. Kí n tó fi áńtẹ́nà sí i, mo fi rẹsísítọ̀ 50 ohm dí ẹnu rẹ̀ láti mọ ariwo tí òun fúnra rẹ̀ ń pa. Ohun tó bá ga ju ariwo yẹn, onílé wà níbẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ rọrùn láti dá mọ̀: àwòrán rẹ̀ yọ ṣóńṣó ní 1.25 MHz láti ìbẹ̀rẹ̀ ìkànnì, ohùn tún yọ ní 5.5 MHz sí i. Ti dígítà ló le, pẹrẹsẹ ló rí bí ariwo.

Nídìí òkè Olósùnta, ìkànnì kan dákẹ́ pátápátá. Yèyé tó ni ilé tí mo dúró sí wò mí títí, wọ́n ní, "Ọmọ mi, kí lò ń wá?"

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé tẹlifíṣọ̀n yín ń ṣiṣẹ́?"

Wọ́n mú mi wọlé. Mo wo fíríkúẹ́ńsì tó wà níbẹ̀: ìkànnì yẹn gan-an ni, àwòrán rẹ̀ sì mọ́ kedere! Orí òpó irin tó ga ju òrùlé ni áńtẹ́nà wọn wà, tèmi wà nílẹ̀, àpáta sì dínà fún un. Ká ní mo ti ń sọ̀rọ̀ lórí ìkànnì yẹn, tẹlifíṣọ̀n wọn ni màá bàjẹ́. Ilẹ̀ olókè bíi tiwa ni ewu yìí ti pọ̀ jù. Láti ìgbà náà, ìkànnì tó bá dákẹ́ lórí òpó gíga, lẹ́yìn àpáta àti ní gbangba nìkan ni mo ń kọ sílẹ̀.

Ní ti lílò rẹ̀, mi ò sọ̀rọ̀ sójú afẹ́fẹ́, torí ó gba àṣẹ ìjọba. HackRF méjì, ẹ̀rọ rédíò tó lè gbọ́ tó sì lè sọ̀rọ̀, ni mo fi wáyà so pọ̀, attenuator 30 dB tó ń dín agbára ìgbì kù wà láàrin wọn. Ọ̀kan jẹ́ onílé, èkejì àlejò. HackRF ò lè sọ̀rọ̀ kó tún máa gbọ́, nítorí náà àlejò gbọ́dọ̀ máa dánu dúró láti tẹ́tí. Òfin IEEE 802.22 ti 2011, ìlànà fún irú rédíò yìí lórí ìkànnì tẹlifíṣọ̀n, fún un ní ìṣẹ́jú àáyá 2 láti kúrò. Ìdádúró yẹn ń dín dátà tó ń kọjá kù, mo sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.