Ojú Tó Ń Dán Ló Ń Tan Ni: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nídìí Ríra Aago Òde Àlòkù

Bí ẹ bá ń wá aago òde àlòkù, ìyẹn aago ọwọ́ àtijọ́ tí a fi ń lọ sóde, ẹ má jẹ́ kí ojú tó ń dán gbà yín lọ́kàn. Mo ti kó sí i rí. Seiko 5 kan, aago ọwọ́ ilé iṣẹ́ Seiko ti Japan, ni mo rà, ojú rẹ̀ búlúù, ó ń dán gbinrin. Mo gbé e lọ fún baba kan tó ń tún aago ṣe, ó fi awò rẹ̀ lé mi lójú: lẹ́tà "Automatic" ti fẹ̀ bíi yíǹkì tó kán sórí bébà tútù, ìlà ìṣẹ́jú tó yí etí rẹ̀ ká sì ti wọ́. "Wọ́n ti ha tàtijọ́ kúrò, ọmọ mi. Wọ́n tún un kùn ni." Owó yẹn ì bá ra ojúlówó tó kàn ṣá díẹ̀.

Íńdíà ni ọ̀pọ̀ Seiko 5 tí wọ́n tún kùn báyìí ti ń wá. Ẹ wo ìsàlẹ̀ ojú aago, lábẹ́ nọ́ńbà 6. Ojúlówó àtijọ́ sábà máa ń ní ọ̀rọ̀ wínníwínní níbẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì rẹ̀, bíi 7009. Nọ́ńbà yẹn náà ló yẹ kó wà lẹ́yìn. Bí iwájú bá sọ 7009, tí ẹ̀yìn sọ 6309, aago méjì ni wọ́n fi ṣe ọ̀kan. Ẹ tún ka nọ́ńbà gígùn tó wà lẹ́yìn: èyí àkọ́kọ́ ni ọdún, èkejì ni oṣù. Bó bá jẹ́ 7N ló fi bẹ̀rẹ̀, oṣù kọkànlá (N fún November) ọdún tó parí sí 7 ni. Ẹni tó bá ní 7009 òun jẹ́ ti 1967, irọ́ ló ń pa, ẹ́ńjìnnì yẹn kò tíì sí nígbà náà.

"Ó ṣáà ń ṣiṣẹ́" kì í ṣe ẹ̀rí. Òróró inú aago máa ń gbẹ, irin á máa jẹ irin, síbẹ̀ aago ò ní yé dún. Ẹ ní kí wọ́n ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ lójú yín. Bí inú bá ti dógùn-ún, ẹ dìde níbẹ̀. Bí kò bá dógùn-ún, ẹ ṣírò owó àtúnṣe mọ́ ọn kí ẹ tó ná an.

Wúrà ńkọ́? Bí wọ́n bá kọ "20 microns" sí i, wúrà fẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n fi bò ó. 18K tàbí 750 ni ti gidi. "Stainless steel back" náà máa ń ṣi èèyàn lọ́nà: ẹ̀yìn nìkan ló ń sọ. Ẹ wo igun ibi tí okùn ti wọlé, ibẹ̀ ni wúrà ti máa ń kọ́kọ́ ṣí.

Ẹ má wọ aago náà fọ abọ́, rọ́bà tó ń dí omi ti gbó. Ẹ má sì pe aago tó fẹ̀ tó mìlímítà 34 ní aago obìnrin, ìwọ̀n aago òde ọkùnrin nìyẹn láyé ìgbà yẹn, ó sì máa ń jókòó dáadáa lábẹ́ apá bùbá.

Gíláàsì oníke tó ha ni kí ẹ má sá fún rárá. Ẹ fi ọṣẹ ìfọyín díẹ̀ sórí aṣọ rírọ̀, ẹ máa fi yí i po lórí rẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún, ojú àtijọ́ tó wà lábẹ́ rẹ̀ á yọ.