Bí mo ṣe fa rọ́ọ̀dù kábọ̀nù sínú bíìmù kọnkéré

Lábù iléèwé wa ní Kánádà ni, mò ń ṣe másítàsì lọ́wọ́, wọ́n ní kí n fún bíìmù kọnkéré onímítà 3 kan, ìyẹn òpó ìdábùú tó ń gbé ẹrù, lágbára sí i. Kì í ṣe irin la fẹ́ fi ṣe é o, rọ́ọ̀dù kábọ̀nù ni, ìyẹn ọ̀pá tí wọ́n fi fọ́nrán kábọ̀nù ṣe, dúdú bí èédú, fúyẹ́ débi pé ìka méjì ni mo fi gbé e, kì í sì í dípẹtà, torí ọ̀hún, iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì nígbà yìnyín ló ń jẹ irin inú bíríìjì.

Ìsàlẹ̀ bíìmù ló máa ń kọ́kọ́ sán, ibẹ̀ là ń tọ́jú. A dojú ẹ̀ dé, mo fi ẹ̀rọ onídísìkì la kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ sí i láti orí dé ìdí, mi ò jẹ́ kó kan irin inú. Rọ́ọ̀dù jẹ́ mílímítà 10, kòtò gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó 15 ó kéré tán kí ẹpọ́ksì, ìyẹn gọ́ọ̀mù tó máa ń le gan-an, lè ráyè yí i ká, èmi la tèmi ní 20. Eruku ọjọ́ yẹn, ẹ má wulẹ̀ bi mí.

Tẹ́ ẹ bá kàn lẹ̀ ẹ́ mọ́bẹ̀, á máa sùn ni títí ẹrù á fi wúwo gan-an, àmọ́ tẹ́ ẹ bá ti fà á le kẹ́ ẹ tó lẹ̀ ẹ́, tẹ́ ẹ wá tú u sílẹ̀, ṣe lá máa fún kọnkéré pọ̀, kò ní tètè sán. Agbára tó tó nǹkan bíi 140 kilonewton (bíi tọ́ọ̀nù 14) ló lè já a, 40% ẹ̀ la fẹ́ fà, ìyẹn tọ́ọ̀nù 6 ó dín díẹ̀.

Ibi dídì mú ni wàhálà wà! Eyín irin tí wọ́n fi ń di wáyà irin ni mo kọ́kọ́ lò (ọ̀gá mi ò sí nílé lọ́jọ́ náà, mo ní mo gbọ́n), jáàkì ń fà, mo kàn gbọ́ kẹ́kẹ́kẹ́, ẹnu rọ́ọ̀dù ti fọ́n ká. Kábọ̀nù dà bí ẹyọ ìgbálẹ̀, ẹ fà á gbọọrọ, kò ní já bọ̀rọ̀, ẹ fi eyín bù ú, ó parí. Ìkejì, a ki orí ẹ̀ méjèèjì bọ páìpù irin, a da ẹpọ́ksì kún un, ó gbẹ, páìpù yẹn ni jáàkì wá dì mú. Ó dúró.

A fà á díẹ̀díẹ̀, mò ń wo kọ̀ǹpútà, a rọ ẹpọ́ksì sí kòtò, a fi sílẹ̀ fún ọjọ́ 7, a wá rọra tú jáàkì, torí tẹ́ ẹ bá tú u lójijì, ìdí ẹ̀ lè ṣí kúrò.

Nígbà tá a tẹ̀ ẹ́ wò, ó pẹ́ kó tó sán ju èyí tá ò ṣe nǹkan kan sí lọ dáadáa. Ṣùgbọ́n irin máa ń fà kó tó já, ti kábọ̀nù ò kìlọ̀ rárá, gbàù lẹ́ẹ̀kan náà, ìdí nìyẹn tí mi ò fi gbà kí wọ́n fà á ju 40% lọ nígbà tá a fẹ́ ṣe ìkẹta.