Bí a ṣe wa narrowboat kọjá lórí afárá Pontcysyllte

Narrowboat ni ọkọ̀ ojú omi tóóró tí wọ́n ń wà lórí kánáàlì, ìyẹn ọ̀nà omi tí wọ́n gbẹ́ fún ọkọ̀. Máìlì 4 ní wákàtí kan ni òfin gbà kí ọkọ̀ sá mọ lórí kánáàlì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn létí omi lè kí yín, kó sì kọjá lọ. Ohun tó mú mi fẹ́ràn ìrìn-àjò yìí gan-an nìyẹn.

Ellesmere ní Shropshire ni èmi, ìyàwó mi àti ẹ̀gbọ́n mi ti gba ọkọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì. Ọkọ̀ náà gùn gbọọrọ, ṣùgbọ́n fífẹ̀ rẹ̀ kò tó ẹsẹ̀ bàtà 7, torí àwọn lọ́ọ̀kì (yàrá omi tó ń gbé ọkọ̀ gòkè tàbí sọ ọ́ kalẹ̀) tí yóò gbà kọjá kò fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ibùsùn, ilé ìdáná àti ilé ìwẹ̀ wà nínú rẹ̀. Òṣìṣẹ́ tó fà á lé wa lọ́wọ́ fi bí a ṣe ń yẹ ọ́ìlì wò hàn wá, ó sì ní kí a máa fún gíríìsì sí ìdí ọ̀pá abẹ̀bẹ̀ abẹ́ ọkọ̀ ní alaalẹ́, kí omi má baà gba ibẹ̀ wọlé.

Ẹ̀yìn pátápátá ni awakọ̀ ń dúró sí. Bí ẹ bá fẹ́ lọ sí ọ̀tún, òsì ni kí ẹ ti ọ̀pá ìtọ́kọ̀ sí. Ọkọ̀ kì í dáhùn lójú ẹsẹ̀, nítorí náà ẹ ti máa tì í kí ẹ tó dé kọ́nà. "Rọra, àbúrò, jẹ́ kó fúnra rẹ̀ yí," ni ẹ̀gbọ́n mi ń wí ṣáá. Bí ọkọ̀ mìíràn bá ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, ẹ yà sí ọ̀tún. Níbi tí wọ́n bá so ọkọ̀ mọ́ bèbè, ẹ dín ẹ́ńjìnnì kù dáadáa, torí omi tí ẹ ń rọ́ lọ lè fa èèkàn wọn tu, ẹnì kan sì lè wà nínú ọkọ̀ náà tó ń gbé omi gbígbóná ka iná.

Òwúrọ̀ Àbámẹ́ta la dé lọ́ọ̀kì New Marton. Lọ́ọ̀kì jẹ́ yàrá olókùúta tó ní ilẹ̀kùn níwájú àti lẹ́yìn. Mo wa ọkọ̀ wọ inú rẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ìyàwó mi sì fi irin ìyí ṣí ojú ihò omi tòkè. Ẹ má ṣí i tán lẹ́ẹ̀kan náà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ omi á máa gbé ọkọ̀ gbá ògiri. Eyín irin ń dún kẹ́kẹ́kẹ́, omi ń hó, ògiri tútù tí ewédò bò, tó ga jù mí lọ, bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sísàlẹ̀. Bàtà ìyàwó mi ni mo kọ́kọ́ rí, lẹ́yìn náà orúnkún rẹ̀, kí n tó rí ojú rẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín. Kí omi ìhà méjèèjì tó dọ́gba, kò sí bí ẹ ṣe lè fi ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn náà kó ṣí.

Ní Chirk, orí afárá omi (afárá tó gbé kánáàlì kọjá lókè àfonífojì) tí wọ́n kọ́ parí ní 1801 la gbà wọ Wales láti England, ihò abẹ́ òkè sì tẹ̀ lé e, tó gùn tó bíi mítà 420. Ẹ tan iná iwájú, kí ẹ sì rí i pé kò sí ọkọ̀ tó ń bọ̀. Omi ń ṣàn bọ̀ wá pàdé wa níbẹ̀, ọkọ̀ wá ń wọ́. Odò Dee ni omi náà ti ń wá. Òun náà ló gba kánáàlì yìí là: wọ́n fòfin fagi lé ìrìnnà ọkọ̀ níbẹ̀ ní 1944, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì nílò omi tó ń gbé lọ, wọn kò sì dí i.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti Pontcysyllte. Àwọn ẹnjiníà méjì, Thomas Telford àti William Jessop, ló ṣe é, wọ́n ṣí i ní 1805, UNESCO sì kà á mọ́ ohun àjogúnbá àgbáyé ní 2009. Afárá omi bíi ti Chirk ni: agbada irin gígùn kan tó gbé kánáàlì, lórí òpó òkúta, ó sì ga ní ẹsẹ̀ bàtà 126 sí odò Dee. Irin ìdáàbòbò wà ní ẹ̀gbẹ́ ibi tí ènìyàn ń gbà rìn. Ní ẹ̀gbẹ́ kejì, kò sí nǹkan kan. Mo wo ìsàlẹ̀, mo rí orí igi, mo rí odò tó ń fọ́ lórí àpáta, ọwọ́ mi sì tutù lórí ọ̀pá ìtọ́kọ̀. Àwọn tó fi ọwọ́ gbẹ́ òkúta, tí wọ́n gbé omi gba ojú ọ̀run kọjá, iṣẹ́ wọn tó kí wọn fún.

Ní abúlé Trevor, ní ìpẹ̀kun afárá náà, la sùn. Obẹ̀ ẹ̀fọ́ tí ìyàwó mi sè wá láti ilé la gbé kaná, a ro ẹ̀bà sí i.

Nígbà tí a ń padà bọ̀, lọ́ọ̀kì New Marton yẹn ló gba ìṣọ́ra jù. Bí omi bá ń lọ sílẹ̀, pèpéle òkúta kan wà lábẹ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn yín. Bí ìdí ọkọ̀ bá há sórí rẹ̀, iwájú á máa rì. Àmì funfun wà lára ògiri. Ẹ jẹ́ kí ìdí ọkọ̀ wà níwájú rẹ̀ títí omi á fi lọ tán, kí ẹnì kan sì máa wò ó láti òkè.

Bí ẹ bá ráyè jù wá lọ, ẹ yà sí òsì ní Trevor, kí ẹ gba ọ̀nà ìlú Llangollen lọ. Ọ̀nà ibẹ̀ há débi pé ẹnì kan ní láti rìn ṣáájú lọ wò bóyá ọkọ̀ ń bọ̀.