Bí Ẹ Bá Fẹ́ Lọ Kí Ẹnìkan Ní Kirikiri

Ẹ kọ́kọ́ béèrè pé Kirikiri wo. Ibi tí èmi ti ṣì í nìyẹn. Ọgbà ẹ̀wọ̀n Maximum wà lọ́tọ̀, ti Medium wà lọ́tọ̀, ti àwọn obìnrin náà wà láyè tirẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ kí àbúrò mi, mo gbé kúlà ìrẹsì sẹ́sẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá láti Mile 2, ó di ẹnu géètì Maximum. Wọ́dà yẹ ìwé wò, ó ní, "Màmá, ẹni tí ẹ ń wá ò sí lọ́dọ̀ wa o." Ẹsẹ̀ mi ò gbà mí mọ́. Mo rò pé ó ti kú ni. Àṣé Medium ló wà.

Orúkọ tó wà nínú ìwé kóòtù ni kí ẹ mú lọ, kì í ṣe orúkọ àlàjẹ́. Ẹni tí gbogbo Mushin ń pè ní Ṣọ́ọ̀tì lè jẹ́ Rasheed nínú ìwé. Ẹ mú káàdì ìdánimọ̀ tiyín náà dání, kí ẹ sì tètè jáde nílé láàárọ̀. Ẹ fi fóònù sílẹ̀ níta.

Lórí oúnjẹ, gààrí dáa ju ìrẹsì lọ. Ìrẹsì ò lè di ọ̀la. Gààrí Ìjẹ̀bú, ṣúgà, ẹ̀pà àti kúlíkúlí, ìyẹn á gbé wọn dé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ fi ọṣẹ ìwẹ̀ àti ti ìfọṣọ kún un, pẹ̀lú tísù, sálúbàtà àti ìpara fún ara yíyún. Ẹ kó o sínú ọ̀rá tí wọ́n lè rí inú rẹ̀, torí wọn á tú u. Wọ́dà ki ṣíbí bọ ọbẹ̀ mi, ó rò ó po, ó ní kí n tọ́ ọ wò lójú òun. Inú bí mi lọ́jọ́ yẹn. Nígbà tó yá ni mo rò ó pé, ká ní ẹnìkan fẹ́ ṣe àbúrò mi níbi ńkọ́?

Ẹ má béèrè pé "Kí lo ṣe gan-an?" Nínú ẹni mẹ́ta tó wà lẹ́wọ̀n ní Nàìjíríà, ó tó méjì tí adájọ́ kankan ò tíì dá lẹ́jọ́. Ọgbà ẹ̀wọ̀n ti Ìkòyí, ẹni 800 ni wọ́n kọ́ ọ fún, ó sì ti pẹ́ tó ti ń gbà ju ìlọ́po méjì ìyẹn lọ. Mo ti to ìwàásù sílẹ̀ lọ́kàn kí n tó débẹ̀. Àbúrò mi jókòó, ó ní, "Àǹtí, ajá onílé ti bímọ?" Mo ní mẹ́rin ló bí, ọ̀kan funfun báláú. Ó rẹ́rìn-ín títí tí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ìròyìn ilé ni kí ẹ kó lọ.

Ẹ béèrè ọjọ́ kóòtù tó kàn, kí ẹ sì débẹ̀. Bí ẹ ò bá lówó lọ́yà, ẹ lọ sí Office of the Public Defender ti ìjọba Èkó, tàbí Legal Aid Council ti ìjọba àpapọ̀. Iṣẹ́ wọn ni láti gbẹjọ́ ẹni tí kò lówó rò. Béèlì ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ni adájọ́ ti fún ní béèlì tó ṣì wà nínú ọgbà, torí wọn ò rí onídùúró. Oṣù mẹ́rìnlá ni àbúrò mi lò. Ẹbí mẹ́ta ló sọ fún mi pé àwọn ń rìnrìn àjò, lọ́sẹ̀ kan náà. Ẹni tó padà dúró fún un ni ìyá aláṣọ òkè kan ní Ìdúmọ̀tà, tí èmi pẹ̀lú rẹ̀ kì í kí ara wa tẹ́lẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ ìsọ̀.

Ṣebí àwa náà ni. "A ò ní rí ẹ̀wọ̀n," àmín wa á fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí páànù, lẹ́yìn náà a ò ní rántí àwọn tó ti rí i. Freedom Park tí a ti ń jẹ ẹja yíyan ní Broad Street, ọgbà ẹ̀wọ̀n ni látijọ́. Ibi tí wọ́n ti ń yẹgi fún èèyàn ni orí ìtàgé tí a ń jó níwájú rẹ̀ báyìí. Èmi náà ti jó níbẹ̀.

Kí ẹ tó dìde, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni yín ta ni kì í lálejò láàárín wọn. Nígbà tèmi, bàbá kan ni, ará Ẹ̀pẹ́. Nọ́ńbà ìyàwó rẹ̀ wà lórí rẹ̀, ó ń kà á fún àbúrò mi lálaalẹ́ kó má baà gbàgbé. Bírò nìkan ni mo rí yá, kò sí bébà, mo bá kọ ọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ òsì. Ọwọ́ ọ̀tún ni mo fi di ọ̀pá kẹ̀kẹ́ mú títí dé Mile 2. Mo ra káàdì lẹ́bàá ọ̀nà níbẹ̀, mo pè é. Obìnrin náà ní, "Ta ni?" Mo ní ẹ ò mọ̀ mí, mà, ọkọ yín ló ní kí n kí yín.