Àlọ́ ọ̀sán tó jẹ mí ní 35,000 náírà

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kó kúrò lọ́kàn mi. 35,000 náírà tí kò sí nínú ìṣirò mi rárá ni mo san fún dẹ́rẹ́bà kan ní Ìdànrè lóṣù kọkànlá tó kọjá, torí pé mi ò béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo lọ́wọ́ ìyá àgbà kan kí n tó kó èèyàn mẹ́rìnlá sínú bọ́ọ̀sì. Ìbéèrè kan péré o. Tí mo bá ti rántí, inú á tún bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi, mi ò sì rí ẹni tí ǹ bá bínú sí ju ara mi lọ.

Èmi àti àwọn kan la jọ ń bá àwọn ọ̀dọ́ ṣiṣẹ́ níbí ní Àkúrẹ́, èyí tó pọ̀ jù nínú wa ò sì gba owó oṣù kankan níbẹ̀. Kóòṣì ń kọ́ wọn ní bọ́ọ̀lù, sister kan ń kọ́ wọn ní aṣọ rírán, àwọn míì sì kàn wà níbẹ̀ tí wọ́n ń gbọ́ ẹjọ́ ni: ọmọ tó sá kúrò nílé, ọmọ tó ń mu nǹkan tí kò yẹ kó mu, èyí tí bàbá ẹ̀ ní kó má padà wálé mọ́ torí JAMB. Ó ti rẹ̀ wá. Bùrọ̀dá kan wà láàárín wa tó jẹ́ pé òun gan-an ló ń gbọ́ ẹjọ́ jù, ẹlẹ́fẹ̀ ni tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n láìpẹ́ yìí ohunkóhun tẹ́ ẹ bá bá a sọ, "ó dáa" ló máa fi dá yín lóhùn. Lọ́dún tó ṣáájú a dáwó jọ, a gba gbọ̀ngàn hòtẹ́ẹ̀lì kan, a sì sanwó fún ọ̀gbẹ́ni kan tó gbé projẹ́kítọ̀ wá, tó sọ̀rọ̀ láti aago mẹ́sàn-án àárọ̀ títí di mẹ́ta ọ̀sán lórí bí èèyàn ṣe ń tọ́jú ara ẹ̀. Owó gbogbo ẹ̀ lé ní 300,000. Kóòṣì sùn. Èmi náà sùn díẹ̀, ẹ má sọ fún ẹnì kankan. Ohun kan ṣoṣo tá a jọ rántí nínú sẹ́mínà yẹn ni pé ẹran orí ráìsì yẹn kéré.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ní rárá o, a ò lọ sí hòtẹ́ẹ̀lì kankan mọ́. Mo ti ń kíyè sí i tipẹ́ pé tá a bá mú ọmọ kan jókòó tá a ní kó sọ tẹnu ẹ̀, ilẹ̀ ló máa wò, ṣùgbọ́n tá a bá pàlọ́ fún wọn, tàbí ká kó wọn lọ sínú oko lọ ṣa ọsàn, ọ̀rọ̀ á máa jáde fúnra ẹ̀. Kí ló wá dé tá ò lè ṣe irú ẹ̀ fún ara wa?

Òkè Ìdànrè ni mo mú, kò kúkú tó wákàtí kan sí Àkúrẹ́. Ètò mi ni pé a máa gun òkè láàárọ̀, kálukú á wá nǹkan kan tó máa jókòó tì, ewé ni o, òkúta ni o, kó wá fẹnu nǹkan yẹn sọ ìtàn ara ẹ̀. Tó bá di aago méjìlá, ìyá àgbà kan tí ọ̀rẹ́ mi mú mi mọ̀ á pàlọ́ fún wa nílé wọn ní ìsàlẹ̀ òkè, a máa jẹun, aago mẹ́rin a ti wà lọ́nà ilé. Mo tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, ó dùn-ún wò. Ti oúnjẹ, píọ̀wọ́tà, kíkó orúkọ jọ, ẹni tó bá ti ṣètò nǹkan rí mọ bó ṣe ń lọ. 55,000 lèmi àti dẹ́rẹ́bà jọ dúnàá dúrà lé lórí, àlọ àtàbọ̀.

Àtẹ̀gùn 682 ni wọ́n ní ó wà níbẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, mo sì sọ ọ́ nù nígbà tó kù díẹ̀ kó pé 400, níbi tí Kóòṣì, Kóòṣì wa tó máa ń jágbe mọ́ àwọn ọmọ lórí pápá pé ọ̀lẹ ni wọ́n, ti jókòó jẹ́ẹ́ tó ní òun ń wo iṣẹ́ ọwọ́ Ọlọ́run. A débi tí àwọn ará Ìdànrè ń gbé kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó sọ̀ kalẹ̀ ní 1923, ààfin Ọwá, ilé-ẹjọ́ àtijọ́, ilé-ìwé. Mo gba fóònù gbogbo wọn sínú báàgì mi (ìyẹn nìkan gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá, àgbàlagbà tó ń fi fóònù pamọ́ sínú ìbọ̀sẹ̀!), mo ní kí kálukú lọ wá nǹkan tiẹ̀.

Kí n má parọ́ fún yín, apá yẹn ò ṣiṣẹ́. Ẹni tó mú òkúta ní "èmi ni òkúta, mo lágbára, mo dúró gbọn-in." Ẹni tó mú ewé ní "èmi ni ewé, mo tutù, mo ń ta ìtura fún aráyé." Ẹ máa rò pé olóṣèlú ló ń wá ìbò. Àrùn àwa tá a máa ń gba èèyàn níyànjú nìyẹn, a ti mọ èsì tó máa dùn-ún gbọ́ létí kí wọ́n tó bi wá rárá. Sister aránṣọ nìkan ni kò rí nǹkan kan sọ. Ó ń wo ògiri ilé kan tó ti wó, ó wá béèrè pé nígbà tí wọ́n ń kó sọ̀ kalẹ̀ lọ́jọ́sí, ta ló gbé àwọn arúgbó? Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. A sọ̀ kalẹ̀.

Wàhálà wá kù sílé Màmá.

Iwájú ilé wọn kún fún kòkó tí wọ́n sá sórí tapólì, Màmá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ lórí àpótí. Àwa obìnrin kúnlẹ̀, àwọn ọkùnrin dọ̀bálẹ̀, wọ́n ṣàdúrà fún wa, wọ́n fún wa lómi. Mo wá ní, "Màmá, àwọn èèyàn tí mo sọ fún yín lórí fóònù nìyí o, a ti ṣetán fún àlọ́." Màmá wo oòrùn, wọ́n wò mí.

"Ọ̀sán yìí?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni mà.

"Ọmọ mi, níbo ni wọ́n ti tọ́ ẹ dàgbà? Ta ní ń pàlọ́ lọ́sàn-án?"

Mo rẹ́rìn-ín, mo rò pé wọ́n ń ṣàwàdà ni. Wọn ò bá mi rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní iṣẹ́ la fi ń ṣe lọ́sàn-án, tílẹ̀ bá ṣú tí gbogbo èèyàn jẹun tán, àwọn á pa á títí oorun á fi gbé wa lọ. Mo bẹ̀ wọ́n. Mo rán ọmọ wọn ọkùnrin sí wọn, ó lọ, ó bọ̀, ó ní kí n má bínú. Mo fi owó kún èyí tí mo fẹ́ fún wọn, wọ́n rọra fi ẹ̀yìn ọwọ́ tì í padà sí mi, bí ẹni tó ń lé eṣinṣin. Kóòṣì wá gbé ọgbọ́n tiẹ̀ dé, ó ní ká wọnú yàrá, ká ti fèrèsé, ká fi aṣọ dí i, ilẹ̀ á ṣú nìyẹn. Màmá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Èsì wọn ò yí padà.

Ohun tó dùn mí jù ni pé mo mọ̀! Ìyá tó bí ìyá mi ò pàlọ́ fún wa lọ́sàn-án rí, ọmọ ọdún márùn-ún mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo jókòó ti kọ̀ǹpútà tí mò ń tẹ ètò, àlọ́ ti di nǹkan tí wọ́n ń fi sáàárín "àpérò" àti "oúnjẹ ọ̀sán." Ọjọ́ ni mo sọ fún Màmá lórí fóònù, mi ò sọ aago.

Ọ̀rọ̀ wá kan dẹ́rẹ́bà. "Màdáámù, aago mẹ́rin la jọ sọ o." Ó ní òun ní èrò tí òun fẹ́ gbé ní Àkúrẹ́ nírọ̀lẹ́, òun ò lè fi ọ̀nà alẹ́ ṣeré, ìyàwó òun ń retí òun. Ó bẹ̀rẹ̀ láti 60,000. Ẹ gbọ́ mi, owó tó ju èyí tó fi gbé wa wá lọ, láti kàn jókòó sójú kan! Mo pè é ní 15,000, ó wọnú ọkọ̀ ó sì tan redíò. Mo lọ, mo bọ̀, mo pè é ní ẹ̀gbọ́n, mo pè é ní ọ̀gá mi, wákàtí kan gbáko la fi wà lórí ẹ̀ kó tó gbà ní 35,000, ó sì ní òun ò gba ìlérí, kí owó wọlé kí òun tó pa iná ọkọ̀. Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kọ̀. Mo rìn dé títì, mo na fóònù sókè bí ẹni tó ń gbàdúrà òjò, wọ́n yọ owó lọ́dọ̀ mi, àlẹ́ẹ̀tì tiẹ̀ ò dé, ó ń wò mí bíi gbájúẹ̀. Aago mẹ́ta ti lọ kí fóònù ẹ̀ tó dún. Àwọn méjì nínú wa ò lè dúró torí ọmọ tí wọ́n fi sílẹ̀ nílé, mo tún fún wọn lówó ọkọ̀.

Nígbà tí mo padà dé tí orí ń fọ́ mi, mo bá àwọn èèyàn mi lórí ìkúnlẹ̀ nídìí kòkó. Màmá ti fún wọn níṣẹ́. Wọ́n ń yí i, wọ́n ń ṣa èyí tó lẹ̀ mọ́ra kúrò, òórùn kíkan ẹ̀ gba gbogbo àdúgbò. Màmá bu ẹ̀kúnwọ́ kan, wọ́n fún un mọ́wọ́ létí Kóòṣì, wọ́n ní kó fetí sí i. Tó bá ń ta péú-péú, ó ti gbẹ. Tó bá dákẹ́, ẹ dá a padà sínú oòrùn. Kóòṣì, ọkùnrin gìrìwò yẹn, ń lọ káàkiri tó ń gbé kòkó sétí bíi fóònù.

Ibẹ̀ ni sister aránṣọ ti tún béèrè ìbéèrè ẹ̀. Màmá ní orí òkè ni wọ́n bí ìyá tó bí àwọn sí, àti pé ìyá àgbà tiwọn kọ̀ jálẹ̀, wọ́n ní àwọn ò sọ̀ kalẹ̀ lọ síbì kankan, ọmọ wọn kan ló ń gòkè tó ń sọ̀ nítorí tiwọn títí wọ́n fi kú. Sister ò gbé ojú sókè. Ó ń ṣa kòkó lọ, ó ní, "Ọdún mẹ́ta lèmi náà ti ń gòkè tí mò ń sọ̀." Ìyá ẹ̀ rọ lápá rọ lẹ́sẹ̀, òun nìkan ló ń gbé e dìde láràárọ̀ kó tó máa bọ̀ wá kọ́ àwọn ọmọ wa níṣẹ́. A ti jọ ń ṣiṣẹ́ láti ọdún mẹ́rin. Mi ò mọ̀. Èmi tí mò ń pe ara mi ní olórí.

A kó kòkó sínú àpò kí ìrì tó sẹ̀, a jẹun, ilẹ̀ ṣú. Kò sí iná. Ẹnì kan tan tọ́ọ̀ṣì fóònù, Màmá ní kó pa á.

"Ààlọ́ o!"

"Ààlọ̀!" Ọ̀kan nínú ohùn yẹn wá láti inú bọ́ọ̀sì.

Wọ́n kọ́kọ́ fi àpamọ̀ dán wa wò. Òkun ń hó yèè, ọ̀sà ń hó yèè, ọmọ burúkú torí bọ̀ ọ́. Àwa oníwèé ṣì ń ronú, dẹ́rẹ́bà ti pariwo "orógùn!" látorí sítíárì, nígbà tó yá ó kúkú sọ̀ kalẹ̀ wá jókòó láàárín wa. Màmá wá dá àlọ́ lé Ìjàpá ọkọ Yánníbo, tó lọ gba àsèjẹ fún ìyàwó ẹ̀ tó ń wá ọmọ, tí babaláwo ní kó má fẹnu kàn án, tó tọ́ ọ wò lọ́nà, tó tún tọ́ ọ wò, tó jẹ ẹ́ tán, tí ikùn ẹ̀ wú. Ta ni ò gbọ́ ọ rí? Gbogbo wa la gbe orin ẹ̀, alugbinrin, ohùn dẹ́rẹ́bà ló lọ sókè jù.

Ó tán. Bùrọ̀dá "ó dáa" wá sọ̀rọ̀ nínú òkùnkùn. Ó ní, "Màmá, tiwa yàtọ̀ sí ti Ìjàpá o. Ojoojúmọ́ là ń gbé àsèjẹ lọ fọ́mọ ọlọ́mọ, a ò sì tọ́ ọ wò rí."

"Ẹ ò tọ́ ọ wò?"

"A ò tọ́ ọ wò, mà."

"Kí ló wá wú yín níkùn báyìí?"

A bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín yẹn ò sì pẹ́. Ohun tí bùrọ̀dá sọ lẹ́yìn ìyẹn, tiẹ̀ ni, mi ò ní kọ ọ́ síbí. Aago mẹ́sàn-án ti kọjá kó tó dákẹ́.

A ti pín gbígbọ́ ẹjọ́ báyìí, kò dá a ṣe mọ́, ọjọ́ Sátidé àwa kan máa ń lọ bá sister wẹ ìyá ẹ̀. Tí mo bá tún máa ṣe irú ẹ̀, ọ̀dọ̀ ẹni tó máa pàlọ́ ni màá kọ́kọ́ lọ, òun ló máa sọ ìgbà, kí n tó wá dẹ́rẹ́bà, màá sì wá ibi tá a máa sùn, ó lè máà tó 35,000. Ti kí èèyàn di ewé di òkúta yẹn, mo ti fi sílẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ ni kẹ́ ẹ wá fún wọn, ohunkóhun tí wọ́n á máa ṣa.

Nígbà tá a dé Àkúrẹ́, dẹ́rẹ́bà ní tá a bá tún ń lọ sọ́dọ̀ Màmá, òun ni kí n pè o, òun ò ní gbà kí ẹlòmíì gbé wa. Mo ní ṣé ó máa dín owó ni? Ó ní, "Ẹ̀yin náà ẹ kàn pè mí ná."