Bí A Ṣe Ń Fi Ògbólógbòó Ìkòkò Amọ̀ àti Ajílẹ̀ Gbin Tòmátì

Ohun tó sábà máa ń ba tòmátì jẹ́ kì í ṣe àìsí ajílẹ̀ bí kò ṣe omi tó ń ṣe ségesège: lónìí ilẹ̀ á rin gbingbin, lọ́tùnla á gbẹ táútáú. Bí omi bá ń ṣe báyìí, kálísíọ̀mù, èròjà kan tí èso nílò, kì í lè ti inú ilẹ̀ dé inú èso, ìdí èso á sì dúdú, á jẹrà kí ó tó pọ́n. Ìkòkò amọ̀ tí a rì mọ́lẹ̀ sáàárín tòmátì, tí a sì ń rọ omi kún, máa ń fún gbòǹgbò ní omi díẹ̀díẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé ọ̀rọ̀ ìkòkò ló yẹ kó ṣáájú ọ̀rọ̀ ajílẹ̀.

Ìkòkò tí a kò fi nǹkan dídán kùn lára ni kí ẹ wá, irú èyí tí a fi ń pọn omi mu, nítorí pé ojú ihò tíntìntín ara rẹ̀ ni omi ń gbà jáde. Ó ti lé ní 2,000 ọdún tí àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Ṣáínà ti mọ ọgbọ́n yìí. Ẹ kọ́kọ́ rọ omi kún un, kí ẹ sì wò ó ní ọjọ́ kejì. Bí ara rẹ̀ bá tutù, tó ń làágùn, ó dára. Bí ó bá gbẹ, tí nǹkan funfun sì lẹ̀ mọ́ ọn, iyọ̀ ló dí i, ẹ rẹ ẹ sínú omi àti fínígà, kí ẹ sì fi búrọ́ọ̀ṣì họ ọ́.

Ẹ rì í mọ́lẹ̀ títí dé ọrùn, kí ẹ wá gbin tòmátì mẹ́rin yí i ká, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 25 jìnnà sí i. Ẹ dé e lórí, kí oòrùn má baà fa omi rẹ̀, kí ẹ̀fọn má sì yé ẹyin síbẹ̀. Bí ilẹ̀ bá gbẹ, yóò fa omi láti inú ìkòkò. Bí ó bá tutù, omi á dúró síbẹ̀. Àmọ́ ní ọ̀sẹ̀ bíi méjì àkọ́kọ́, ẹ ṣì máa bomi rin ìdí wọn, nítorí gbòǹgbò kò tíì dé ẹ̀gbẹ́ ìkòkò.

Bí ẹ bá ń lọ́ ọmọ tòmátì láti nọ́sìrì, ẹ já ewé ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ẹ sì rì í jìn, nítorí igi rẹ̀ tó bá wọlẹ̀ ni gbòǹgbò tuntun yóò ti yọ.

Imí adìyẹ tútù máa ń jó gbòǹgbò. Ẹ kó o jọ pẹ̀lú koríko gbígbẹ àti èèpo oúnjẹ, kí ẹ máa yí i padà fún oṣù mẹ́ta ó kéré tán, títí yóò fi máa rùn bí erùpẹ̀ lẹ́yìn òjò. Ẹ̀kúnwọ́ méjì nínú ihò kọ̀ọ̀kan tó. Bí ó bá pọ̀ jù, ewé ni ẹ ó rí, ẹ kò ní rí èso. Eérú igi ní pọ̀tásíọ̀mù, èròjà kan tó dára fún èso, ṣùgbọ́n díẹ̀ ni kí ẹ fọ́n, ẹ má sì pò ó mọ́ imí tútù, nítorí yóò lé agbára ajílẹ̀ náà jáde sínú afẹ́fẹ́. Ẹ má ṣe da ajílẹ̀ kankan sínú ìkòkò, kò ní pẹ́ dí i.

Ẹ fi koríko gbígbẹ bo ilẹ̀, kí ẹ fi igi gbé tòmátì dúró. Níbi tí ata tàbí ìgbá (ikàn) bá ti hù láìpẹ́, ẹ wá ibòmíràn, nítorí àrùn kan náà ló ń ṣe wọ́n.