Bí Ọ́fíìsì Lọ́yà l'Ékòó Ṣe Lè Gba Oníbàárà Nínú Ayé Orí Kọ̀ǹpútà

Ní oṣù Èrèlé 2023, ilé ẹjọ́ kan ní Magdalena, ní Kòlóńbíà, jókòó gbọ́ ẹjọ́ nínú ayé orí kọ̀ǹpútà (metaverse). Ère (avatar), ìyẹn àwòrán ènìyàn tó ń rìn tó ń sọ̀rọ̀ nínú kọ̀ǹpútà, ló dúró fún adájọ́ àti àwọn lọ́yà. Ọ́fíìsì tó wà ní Broad Street tàbí ní Yábàá lè gba oníbàárà tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù báyìí.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tó wà lẹ́yìn ère. Ibẹ̀ ni gbogbo wàhálà wà, torí pé wọ́n ń ṣe àdàkọ ohùn pàápàá. Ẹ pe nọ́ńbà tó ti wà nínú fáìlì yín tẹ́lẹ̀, ẹ fún oníbàárà ní ọ̀rọ̀ àṣírí kan, kó sọ ọ́ bó bá ti wọlé. Bí kò bá lè sọ ọ́, ẹ pa ìpàdé dé. Ẹ má ṣàánú. Ẹ ṣáà mọ jìbìtì ilẹ̀ Èkó.

Ẹ gbàṣẹ kí ẹ tó gba ohùn sílẹ̀, torí òfin ìdáàbòbò dátà ti 2023. Bí ẹ bá fẹ́ lò ó nílé ẹjọ́, ẹ ṣe ìwé-ẹ̀rí abala 84 Òfin Ẹ̀rí ti 2011, èyí tó wà fún ẹ̀rí tó ti inú kọ̀ǹpútà jáde.

Awò orí (headset) tí a fi ń wo ayé yìí a máa kọ́ni lóòyì, ẹ má jẹ́ kí ìpàdé ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ. Ẹ so ráọ́tà mọ́ íńfátà, kì í ṣe kọ̀ǹpútà nìkan.

Ẹ má parí títà ilẹ̀ níbẹ̀ o. Ìwé gidi, ìbuwọ́lùwé àti àṣẹ gómìnà ni òfin ilẹ̀ ṣì ń béèrè, Alausa sì ni wọ́n ti ń gbà á.